Ẹsẹ̀ Àgbò Tó Fẹ́ Ba Fírídọ̀mù Jẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àgùntàn ni mo gbé wá l'ọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé akọ̀ròyìn yìí ti wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Owó ń bẹ nínú ẹsẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọmọ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ní Ìdànrè tí mo ń gbé, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan lówó, kòkó ni. Ṣùgbọ́n ta ló ni oko kòkó? Bàbá ni, tàbí ẹbí bàbá. Nígbà tí ọkọ ìyá mi àgbà kú, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, oko padà s'ọ́wọ́ ẹbí ọkọ. N kò bú ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohun tó kù tí màmá lè nàka sí kó ní "tèmi nìyí", àgùntàn mẹ́fà ni: àgbò kan, abo mẹ́ta, ọmọ méjì. Gàrí ló ń tà l'ọ́jà Òdòde. Owó gàrí la fi ń jẹun, owó àgùntàn la fi ń ṣe nǹkan ńlá. Àgùntàn ló san owó WAEC mi. Àgùntàn ló kan òrùlé wa nígbà tí ìjì ṣí i. Báńkì màmá nìyẹn, báńkì tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́.

Àbúrò mi obìnrin wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn lè mọ iṣẹ́ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, bí kò bá tíì ṣe fírídọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá á gbàdúrà sí i l'órí, ẹgbẹ́ á wá, oúnjẹ á wà, sátífíkéètì á jáde. Gbogbo ẹ̀, owó ni. Àgbò yẹn ni màmá yà sọ́tọ̀ fún un. Iléyá ọdún 2023, tó bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ni a fẹ́ tà á.

Ìgbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àgbò bẹ̀rẹ̀ sí tiro.

ÀPÁTA NI SÁLÚÙBÀTÀ ÀGÙNTÀN

Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè rí mọ̀ pé àpáta ló yí wa ká. Orí òkè lọ́hùn-ún ni ìlú wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn baba wa tó sọ̀ kalẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ l'ónìí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni yóò gùn. Ẹran tó bá ń rìn l'órí òkúta bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí í gé èékánná fún un. Òkúta fúnra rẹ̀ á máa gbo pátákò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi fáìlì ra àdá.

Ẹran tiwa kò rí àpáta gùn mọ́. L'ákọ̀ọ́kọ́, àgùntàn tó bá wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ìjà ló dá sílẹ̀ yẹn. L'ẹ́ẹ̀kejì, ẹ rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní dída ẹran jẹ̀ káàkiri ti d'eewọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tó ti d'olóògbé báyìí, buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Màmá mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá kà á fún òun. Ó ní kí n lọ gé ọparun, a ṣe ọgbà sí ẹ̀yìn ilé, a kó àgùntàn sínú ẹ̀.

Ọgbà dára. Kò sí ìjà, kò sí olè, mọ́tò kò ní pa ẹran. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọgbà rọ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ a sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Pátákò ń dàgbà, kò sí ohun tó ń gbo ó. Etí rẹ̀ á gùn, á ká wọ abẹ́ bí etí àkàrà tí kò jinná, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ á kó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹsẹ̀ ti ń rí ilé. Bó bá wọlé, àárín ọmọ ẹsẹ̀ méjèèjì á pọ́n, á rà, òórùn rẹ̀ á sì gba imú èèyàn. Ìjẹrà ẹsẹ̀ nìyẹn. Ó sì ń ràn láti ara ẹyọ kan sí òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹran ẹ mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù là á s'ílẹ̀ pé ẹran tó ń tiro tí gbogbo ojú rí i, èyí tó fọ́ lójú kan, èyí tó ṣàìsàn àti èyí tó rù kan egungun, kò yẹ fún Iléyá. Àgbò wa tó sanra, tí ìwo rẹ̀ ká bí òrùka, bí kò bá ti lè fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀, alápatà nìkan ló kù fún un. Alápatà kan sì ti wá. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo ojú màmá, ó pe iye kan tí kò tó ìdajì. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n ràn yín lọ́wọ́ kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́." Màmá ní òun á rò ó. Nígbà tó wọlé, kò jẹun.

BÀBÁ ÀGÍRÍÌKÌ DÁSÍ I

Àwọn aládùúgbò gbé ìmọ̀ràn wá. Ẹnì kan ní ká da epo mọ́tò tó ti dúdú sí i. Òmíràn, àgbẹ̀ kòkó ni, ó sáré wọlé, ó gbé oògùn búlúù yẹn jáde, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ láìmù tí wọ́n fi ń fín kòkó nígbà òjò kí èso má baà dúdú. Ó ní ká pò ó sínú bàsíà, kí gbogbo àgùntàn dúró sínú ẹ̀. A ti ń wá bàsíà nígbà tí bàbá kan tó fẹ̀yìn tì l'ẹ́nu iṣẹ́ àgíríìkì, tó wá ra gàrí l'ọ́wọ́ màmá, na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "N kò ní irọ́ ni, wọ́n ń fi oògùn yẹn wẹ ẹsẹ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n bàbà ló wà nínú ẹ̀, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, kò sí èyí tí bàbà tètè ń pa bí àgùntàn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa tọ́jú ẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀, l'ọ́jọ́ kan lẹ́ẹ̀ á rí i pé ó ti ṣubú. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ tó mu nínú bàsíà yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da àgùntàn jẹ koríko l'ábẹ́ kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, ọ̀rọ̀ yín náà nìyẹn o."

Àgbẹ̀ kòkó gbé oògùn rẹ̀ padà sílé. Mo ti lọ wo ọ̀rọ̀ náà l'órí fóònù, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń lo zinc sulphate, kílò kan sínú lítà omi mẹ́wàá, tàbí oògùn tí fẹtinárì bá júwe.

Bàbá ní òun á padà wá l'ọ́jọ́ kejì, kí màmá má fún àgùntàn l'óúnjẹ l'áàárọ̀. Ó rán mi sí alágbẹ̀dẹ pé kó rọ ọ̀bẹ kékeré kan tó mú, tó sì tẹ̀ díẹ̀ l'órí. Mo ti ní kí n yá sísọ́ọ̀sì àbúrò mi. Ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sáyà, ó ní, "Bùrọ̀dá, sísọ́ọ̀sì télọ̀ tó bá kan pátákò, aṣọ ta ló tún máa gé?" Mo lọ s'ọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

OHUN TÍ A BÁ FẸ̀SỌ̀ MÚ

Bí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn n'ílẹ̀ yìí, wọ́n á ní ọpọlọ àgùntàn ló ní. Ẹ jẹ́ á tún un rò. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Babraham l'ẹ́bàá Cambridge, n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé àgùntàn lè dá ojú 50 àgùntàn bíi tirẹ̀ mọ̀, kó má sì gbàgbé wọn fún ohun tó tó ọdún méjì. Ní 2017, àwọn mìíràn ní Cambridge kọ́ àwọn àgùntàn kan títí wọ́n fi ń dá fọ́tò Obama mọ̀ láàárín fọ́tò àwọn ẹlòmíràn. Àgùntàn tó mọ Obama, ṣé kò ní mọ ẹni tó fi ìwo fà á l'ánàá?

Ohun tí Bàbá Àgíríìkì kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má lé e. Bó o bá lé e l'ẹ́ẹ̀kan, wàá lé e l'ójoojúmọ́." A kó gbogbo wọn jọ sí igun ọgbà, nítorí àgùntàn kì í fẹ́ dá wà. Bí ojú rẹ̀ bá ń kan ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo rọra wọ àárín wọn, mo fi ọwọ́ kan gbá àgbò mú l'ábẹ́ àgbọ̀n. Kì í ṣe ìwo o, kì í ṣe irun, kì í ṣe etí. Bí o bá ti gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kò lè sáré síwájú mọ́.

Àgbò kọ́kọ́ fẹ́ fẹ̀yìn rìn. Ẹ kúkú mọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Bàbá ní kí n má bá a ja ìjà agbára. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ òsì mi wà l'ábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi di ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún mú. Mo yí orí rẹ̀ sí ọ̀tún títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká, mo tẹ ìbàdí rẹ̀ sísàlẹ̀ s'ọ́dọ̀ ara mi, mo sún ẹsẹ̀ mi s'ẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbò jókòó! Ó fi ìdí jókòó, ó fẹ̀yìn ti orúnkún mi, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà l'ókè, ó ń wò yín-ín bíi bàbá ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Kò já, kò ké. Nígbà tí ẹsẹ̀ àgùntàn kò bá kan ilẹ̀ mọ́, ó máa ń fara balẹ̀.

Ìdí rèé tí bàbá fi ní kó má jẹun l'áàárọ̀. Bó bá yó, ikùn rẹ̀ á tẹ ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lè mí dáadáa, nítorí náà kò yẹ kó pẹ́ l'órí ìjókòó rárá. Abo tó lóyún, a kì í gbé e jókòó bẹ́ẹ̀. A so òun mọ́ ògiri l'óòró, a sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ l'ọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá fi omi iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi imú ọ̀bẹ họ ẹrẹ̀ kúrò. Mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ náà, pátákò ló kàn gùn, ó ti ká wọnú. Èyí ló rẹ́. Ó fi ọ̀bẹ lé gìgísẹ̀, ó ń rẹ́ ẹ lọ sí iwájú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń bẹ iṣu. Ó ní kí n máa wo ìlà ibi tí irun ti pàdé pátákò, kí abẹ́ ẹsẹ̀ tẹ́ bákan náà pẹ̀lú ìlà yẹn. Bí funfun abẹ́ bá ti ń pọ́n bí èékánná ọmọ tuntun, dúró. Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ti gé e kọjá.

Ó wá ku ẹsẹ̀ òsì iwájú. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń jáde. Màmá ní, "Bàbá, ẹ gé e dànù jàre, kí ìdọ̀tí yẹn jáde." Bàbá mi orí. Ó ní, "Màmá, èyí kò fẹ́ ọ̀bẹ." Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn l'áyé ìjọ́un ni pé ká gé e títí yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí náà ni mo wá l'órí fóònù mi. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan jáde n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì l'órí àgùntàn tí ẹsẹ̀ wọn jẹrà. Àwọn tí wọ́n fún l'ábẹ́rẹ́ láìgé pátákò wọn tètè san ju àwọn tí wọ́n gé tiwọn lọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn, ṣé ọ̀bẹ ló yẹ ká tún fi kàn án?

A da pátákò tí a gé s'íná, a fi Izal fọ ọ̀bẹ kó tó kan ẹran mìíràn, a ya àgbò sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ. L'ọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún, fẹtinárì kan wá, ó fín oògùn sí ẹsẹ̀ náà, ó sì gún un l'ábẹ́rẹ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dá wa dúró. Ó ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran yìí kí ọjọ́ 28 tó pé. Oògùn á ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀."

Mo ka kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ló pé. Iléyá jẹ́ ọjọ́ 28. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín.

ONÍBÀÁRÀ TÓ GBÉ OWÓ WÁ

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'ọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ààrẹ Tinubu gba ìjọba, ó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó mọ́tò láti Ìdànrè lọ s'Ákùúrẹ́ ti fò sókè. Gàrí tẹ̀ lé e. Ọ̀gá àbúrò mi náà ránṣẹ́ pé owó tí òun pè tẹ́lẹ̀ fún fírídọ̀mù kò lè ra nǹkan mọ́, pé kí a fi kún un. N kò dá a lẹ́bi, òun náà ń ra ìrẹsì l'ọ́jà.

Àsìkò yìí gan-an, nígbà tí ọjọ́ 17 pé l'ẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọkùnrin kan wá. Ó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀. Ó rí àgbò, ẹsẹ̀ ti ń san, ó ti ń fi tẹlẹ̀ díẹ̀. Ó ní tiro kò kan òun, ọbẹ̀ l'òun fẹ́ sè. Ó pe owó tó dára, ó kó o jáde lápò, ó ń kà á. Owó fírídọ̀mù pé, ó tún ṣẹ́ kù.

Àbúrò mi wo màmá. Èmi náà wò ó. Màmá mi kò ka ìwé kankan l'áyé rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí rere. Ṣùgbọ́n oògùn wà nínú ẹran yìí. Àwọn ọmọdé á wà níbi òkú yín, ẹni tó lóyún á wà níbẹ̀. N kò lè tà á fún yín l'ónìí. Ẹ padà wá l'ọ́jọ́ 21." Ọkùnrin náà ní ta ló máa mọ̀. Màmá ní, "Èmi mọ̀."

Ó lọ, kò padà wá. Àbúrò mi sunkún l'álẹ́ ọjọ́ yẹn. Màmá gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan. L'áàárọ̀, ó jí lọ gé koríko fún àgbò fúnra rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Iléyá, alájà kan wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Kò wo ìwo, kò wo ọ̀rá. Ó ní kí n tú àgbò, kí n mú un rìn l'órí sìmẹ́ńtì tí a fi ń sá kòkó. Ó tẹ̀ lé e l'ẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀. Àgbò rìn lọ, ó rìn bọ̀. Pátákò rẹ̀ ń dún kò-kò-kò l'órí sìmẹ́ńtì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin l'ọ́gbọọgba. Màmá sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún un, ó sọ ọjọ́ tó pé. Alájà ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́." Wọ́n ná an, wọ́n gbà. Kò tó owó olókùú yẹn tán, ṣùgbọ́n pẹ̀lú owó gàrí ọ̀sẹ̀ méjì, fírídọ̀mù pé.

Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni mo rí fà yọ? Bí ẹ bá sin ẹran sínú ọgbà, ẹ ti gba àpáta l'ọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin l'ẹ máa rọ́pò àpáta. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ wọn wò l'óṣooṣù. Ẹ ko òkúta pẹlẹbẹ jọ sí ibi tí wọ́n ti ń mu omi, kí wọ́n máa gùn ún. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi pákó ṣe ilẹ̀ gíga fún wọn sùn, kí ẹrẹ̀ má baà rí wọn. Láti kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, èyí tó bá gùn díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ká. Àgùntàn tuntun tẹ́ ẹ rà l'ọ́jà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dàpọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń tiro, tí itọ́ tún ń dà l'ẹ́nu rẹ̀, tí egbò wà l'ahọ́n, ẹ má mú ọ̀bẹ rárá, fẹtinárì ni kẹ́ ẹ sáré pè, àìsàn mìíràn lè nìyẹn. Bí wọ́n bá sì gún ẹran yín l'ábẹ́rẹ́, ẹ bèèrè iye ọjọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn abo tún tiro díẹ̀ l'ọ́dún tó tẹ̀ lé e nígbà òjò. A ti mọ ohun tí a máa ṣe. Èmi ni mo gbé e jókòó, àbúrò mi ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọjà báyìí, ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wà l'órí tábìlì, kò sì tíì kan pátákò kankan títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọgbọ́n mìíràn l'órí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dìgbà kan ná.